Páànù Mẹ́rin Tó Kù Lórí Ìyá Kẹ́mi

Ẹni tí wọ́n fìyà jẹ nínú ọ̀rọ̀ yìí ni Ìyáàfin Comfort Adébísí, aránṣọ, opó, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Kẹ́mi. Ọjọ́ tí ìyà náà bẹ̀rẹ̀ ni ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹta ọdún 2024, ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Àkọ́rọ̀ òjò wọ ìlú Ẹdẹ lọ́jọ́ náà, àjà yàrá rẹ̀ sì já lulẹ̀ sórí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, pẹ̀lú ìdọ̀tí ogún ọdún, ìtẹ́ eku méjì, àti bọ́ọ̀lù ọmọdé kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ bó ṣe débẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi orúkọ obìnrin yìí sọ́kàn. Láìpẹ́ ẹ ó gbọ́ orúkọ ẹlòmíràn títí yóò fi sú yín, yóò sì dà bí ẹni pé òun gan-an ni àjà já lù.

Orúkọ ẹlòmíràn náà ni Tóbilọ́ba Fákúnlé. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni, ó kàwé jáde, ó ṣe agùnbánirọ̀, ó sì padà wá sí Ẹdẹ láti máa dúró de iṣẹ́. Kí iṣẹ́ náà tó dé, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ ní lẹ́sìnnì, ó sì ń gbógun ti ìrẹ́jẹ. Kò sí ìyà tí wọ́n fi jẹ ẹnikẹ́ni lábẹ́ ọ̀run tí Tóbilọ́ba kò tíì kọ nǹkan nípa rẹ̀ lórí fóònù. Ó ti bá ìjọba orílẹ̀-èdè mẹ́ta wí, ọ̀kankan nínú wọn ò sì mọ̀ títí dòní.

Òkè Gádà ni ilé tí ó ń gbé wà. Amọ̀ ni wọ́n fi kọ́ ọ, sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi bo amọ̀ náà lójú, ọjọ́ orí sì ti ń tú àṣírí rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ wá. Yàrá mẹ́sàn-án, kànga kan, balùwẹ̀ kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í tì àyàfi tí ẹni tó ń wẹ̀ bá fi ẹsẹ̀ kan tì í mú. Ṣùgbọ́n owó ilé náà kéré. Ó kéré débi pé tí ayálégbé kan bá fẹ́ ráhùn, á kọ́kọ́ rántí iye tó ń san, á sì pa ẹnu rẹ̀ dé. Yàrá mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ ẹ̀yìn: ti Tóbilọ́ba, ti Ìgè tó ń lẹ táyà níwájú ilé, àti ti Ìyá Kẹ́mi ní ìpẹ̀kun.

Nígbà tí àjà já, àwọn ará ilé mú ìgbálẹ̀, wọ́n mú ṣọ́bìrì. Tóbilọ́ba mú fóònù. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan nǹkan kan, torí pé ẹ̀rí ni gbogbo ìdọ̀tí náà. Ìyá Kẹ́mi béèrè ibi tí òun máa sùn. Ó dá a lóhùn pé ìtàn ò ní gbàgbé rẹ̀. Odidi ọjọ́ mẹ́ta ni ẹ̀rí fi wà nílẹ̀, tí Ìyá Kẹ́mi ń fò ó kọjá kó tó dórí bẹ́ẹ̀dì. Lọ́jọ́ kẹrin, nígbà tí ọ̀gbẹ́ni wa lọ sí lẹ́sìnnì, Ìyá Kẹ́mi gbá a dànù. Eku tó ni ìtẹ́ ti kó lọ ṣáájú. Nínú gbogbo ilé, òun nìkan ló ka ọ̀rọ̀ náà sí pàjáwìrì.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni wọ́n dá Ìgbìmọ̀ Àwọn Ayálégbé sílẹ̀. Tóbilọ́ba ló pe ìpàdé, òun ló kọ òfin, òun ló kà á, òun ló sì béèrè bóyá ẹnikẹ́ni fẹ́ du ipò alága. Àwọn tó jókòó ti ń gbóòórùn ọbẹ̀ wọn níbi tó ti fẹ́ máa jóná. Ìgè dìde, ó ní, "Ta ló tún kù? Ẹ̀yin lẹ mọ̀wé. Ẹ jẹ́ ká lọ jẹun." Bí wọ́n ṣe yàn án nìyẹn. Nínú àkọsílẹ̀ ìpàdé, Tóbilọ́ba kọ ọ́ báyìí pé: "Gbogbo ilé, pẹ̀lú ohùn kan àti omijé ayọ̀, gbé ẹrù ìdáǹdè wọn lé e léjìká."

Ẹ má bínú sí i jù. Àwa tí a kàwé tí a ò ríṣẹ́, ebi ti mọ́ wa lára. Ipò ni kò tíì mọ́ wa lára.

Kò tó ọjọ́ mẹ́wàá tí ohùn rẹ̀ fi nípọn. Ó lọ yá àga onígi ńlá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì, èyí tí àwọn ọkọ ìyàwó máa ń jókòó lé lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ó gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá pọn omi bọ̀ ní láti rìn ní ẹ̀gbẹ́ bí akàn. Ó lẹ bébà mọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀: Ọ́FÍÌSÌ ALÁGA. Ẹ KAN ILẸ̀KÙN. Inú ọ́fíìsì náà ló ti ń sùn, ibẹ̀ ló ti ń se ìrẹsì, ibẹ̀ ló ń sá ṣòkòtò rẹ̀ sí. Òfin kẹrin ìgbìmọ̀ sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pe alága ní ìwọ. Ìyá Kẹ́mi, tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, tó ti nu ikun nímú ọmọ tó ju Tóbilọ́ba lọ, kò jiyàn. "Alága, ẹ káàárọ̀," á wí, á tẹ orúnkún díẹ̀, á sì lọ yí bàáfù rẹ̀ sábẹ́ ibi tí òjò ti ń jò. Tóbilọ́ba rò pé ọ̀wọ̀ ni.

Ìgè ló tètè mọ ohun tí ọkàn alága ń fẹ́. Bí Tóbilọ́ba bá ti yọjú, Ìgè á ju táyà sílẹ̀, á na ọwọ́ sókè, á ní, "Ẹnu bí ìbọn! Ẹni tí onílé gbọ́ orúkọ rẹ̀ tí oúnjẹ há a lọ́fun! Ẹ máa yan, Alága, ilẹ̀ ń rí yín." Alága á yan. Kí ni Ìgè ń rí níbẹ̀? Lọ́jọ́ tó bá kan Ìgè láti fọ balùwẹ̀, alága á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó wà lẹ́nu iṣẹ́ àkànṣe.

Ìwé ẹ̀hónú tí alága kọ sí onílé jẹ́ ojú ìwé mọ́kànlá. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ayé àwọn òyìnbó amúnisìn, ó gba ọ̀dọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé kọjá, ó sì dé orí àjà Ìyá Kẹ́mi ní ìsàlẹ̀ ojú ìwé kẹwàá. Àwòrán alága ló wà lójú ìwé àkọ́kọ́, ó fi ọwọ́ ti àgbọ̀n.

Onílé náà, Baba Oyèwọlé, ń gbé ní Awo. Ẹni ọgọ́rin ọdún ni. Ó gba ìwé náà, ó gbé e jìnnà sójú, ó gbé e súnmọ́ ojú, ojú rẹ̀ ò ká a, ó fi í sábẹ́ ìrọ̀rí. Ohun tí alága kò mọ̀ ni pé Ìyá Kẹ́mi ti wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Awo fúnra rẹ̀, ó sì ti kúnlẹ̀ nínú pálọ̀ Baba. Ó ní, "Baba, òjò ń pa mí." Baba bi í léèrè ohun tó dá a dúró tí kò fi tètè wá. Ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, páànù tuntun méjìdínlógún dé, mẹ́fà mẹ́fà fún yàrá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ọwọ́ ẹ̀yìn. Baba ti bá káfíńtà sọ̀rọ̀, ó ti san owó iṣẹ́. Ohun kan ṣoṣo tó ránṣẹ́ sọ ni pé kí wọ́n tètè kàn án kí òjò tó le. Tóbilọ́ba kọ ọ́ sórí fóònù pé kálámù ti ṣẹ́gun. Wọ́n ka ọ̀rọ̀ náà sétí Ìyá Kẹ́mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì tún fi òwú sí abẹ́rẹ́ rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ọ̀gá Gbénga, káfíńtà, gbé àkàbà dé. Alága dá a padà. Ó ní wọn ò lè ṣàdédé máa kan páànù tí ìjàkadì mú wá bí ẹni ń kan ilé adìyẹ. Ayẹyẹ gbọ́dọ̀ wà, ọ̀rọ̀ àkọsọ gbọ́dọ̀ wà, òun sì gbọ́dọ̀ ní àkókò láti kọ ọ̀rọ̀ àkọsọ náà. Ó fi ọjọ́ sí Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù karùn-ún. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni páànù fi fara ti ògiri lábẹ́ fèrèsé Ìyá Kẹ́mi, tó dí ìmọ́lẹ̀ mọ́ ọn lójú. Òjò rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ìgbà náà. Ó rọ̀ sórí páànù tuntun níta, ó sì rọ̀ sórí Ìyá Kẹ́mi nínú ilé.

Lẹ́yìn òjò kẹta, obìnrin náà lọ kan ilẹ̀kùn ọ́fíìsì.

"Alága, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n kàn án. Aṣọ oníbàárà méjì ló ti bàjẹ́. Tí ẹ̀kẹta bá bàjẹ́, mi ò lójú tí màá fi wo ẹnikẹ́ni níbí mọ́. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Ara ni màá kó lọ, àárín oko. Ta ló fẹ́ wá ránṣọ níbẹ̀?"

"Màmá, ẹ fara dà á," ni Alága wí. "Ìtàn la ń kọ."

"Ẹ̀yin ń kọ ọ́ síbi tí ò fi bẹ́ẹ̀ jò."

Alága kọ èyí sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ìwúrí láti ẹnu àwọn ará ilé.

Sátidé ọ̀hún pé. Àádọ́ta àga oníke ni alága yá. Ènìyàn mọ́kànlá ló wá fínnúfíndọ̀, Ìgè sì fi àwọn oníbàárà rẹ̀ mẹ́fà kún wọn, àwọn tí Ìgè kọ̀ láti dá táyà wọn padà fún títí ayẹyẹ yóò fi parí. Alága wọ kóòtù nínú oòrùn. Ó sọ̀rọ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ̀yin tí a ti ń fìyà jẹ láti ìran dé ìran! Kì í ṣe páànù ni a pé jọ láti kàn lónìí. Rárá o. Ọjọ́ ọ̀la ni a fẹ́ kàn! Ìyì ni a fẹ́ kàn! Ẹ̀rí ọkàn aráyé ni a fẹ́ fi ìṣó gbá mọ́ igi àjà!"

Ìyá Kẹ́mi, tó jókòó lẹ́yìn pátápátá, ní kí wọ́n kúkú máa kàn án.

Alága pàṣẹ méjì. Èkíní, kí wọ́n ká gbogbo páànù àtijọ́ kúrò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí fóònù tí Ìgè fi ń ya fídíò lè rí ojú ọ̀run. Onírin àlòkù tó ń kọjá lọ rà á, ó sì tì í lọ nínú ọmọlanke rẹ̀. Èkejì, kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ́fíìsì, torí pé ìdàgbàsókè gbọ́dọ̀ ní ibi tó ti ṣẹ̀ wá. Báyìí ni wọ́n ṣe kan ti alága mẹ́fà, wọ́n kan ti Ìgè mẹ́fà, wọ́n sì kan méjì lórí Ìyá Kẹ́mi. Ó ku mẹ́rin.

Níbí yìí, ẹ jẹ́ kí n rán yín létí ohun tí gbogbo ẹni tó bá ti kọ́lé rí lọ́dọ̀ wa mọ̀. Bí páànù ilé bá ku díẹ̀ kó parí, àwọn káfíńtà a dáwọ́ dúró. Wọn a máa fi òòlù lu páànù, wọn a máa pe onílé. Ẹni tó bá dáhùn ni yóò fún wọn ní nǹkan, òbúkọ àti kírétì ọtí ẹlẹ́rìndòdò, kí wọ́n tó kan èyí tó kù. Bí kò bá tíì mú un wá, òòlù ò ní dún. Fún ti ilé yìí, Baba Oyèwọlé ti ránṣẹ́ sí Ọ̀gá Gbénga pé àtúnṣe lásán ni, kó fojú fo ìyẹn. Ọ̀gá Gbénga sì gbà. Eré ni àwọn èèyàn rẹ̀ ń ṣe tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í lu páànù, tí wọ́n ń kọrin pé onílé dà, onílé dà.

Ìgè na ìka. "Onílé wa nìyí," ó ní. "Alága, ẹ dá wọn lóhùn."

Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Ẹ ò lè mọ ohun tí àtẹ́wọ́ máa ń ṣe fún ẹni tí ilé iṣẹ́ mẹ́rìndínlógójì ti kọ̀wé sí pé àwọn ò nílò rẹ̀. Tóbilọ́ba gun àkàbà, pẹ̀lú kóòtù, ó dúró lórí páànù tuntun, ó rí Òkè Gádà nísàlẹ̀ rẹ̀, òrùlé pupa lọ síwá sẹ́yìn, ó sì rí i pé òun ga.

"Onílé dà?" ni Ọ̀gá Gbénga béèrè, tẹ̀rín-tẹ̀rín.

"Èmi nìyí."

Ọ̀gá Gbénga wò ó. Ó tún béèrè, torí pé ó fẹ́ kó dá a lójú. Ọ̀gbẹ́ni náà tún dáhùn. Ó béèrè lẹ́ẹ̀kẹta. Ìdáhùn ẹlẹ́ẹ̀kẹta ló dùn jù, ó fi ọwọ́ gbá àyà sí i.

Ọ̀gá Gbénga fi òòlù rẹ̀ kọ́ bẹ́líìtì. "Ó dáa, onílé. Òbúkọ wa dà?"

Ẹ̀rín ayẹyẹ kú lẹ́nu gbogbo wọn. Tóbilọ́ba ní ọ̀rọ̀ náà ní ìtumọ̀ tó jinlẹ̀, pé onílé ní ti ẹ̀mí ni òun. Ọ̀gá Gbénga ní òbúkọ ní ti ẹran ni àwọn ń jẹ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìkà ènìyàn. Ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ẹ gbọ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ò ní òbúkọ, mo mọ̀. Ẹ sáà kọjú sí àwọn tó gbọ́ yín yìí, kí ẹ ní ẹ̀yin kọ́ lonílé, ayálégbé ni yín. Màá kan mẹ́rin yìí kí ẹ tó sọ̀kalẹ̀."

Tóbilọ́ba wo ìsàlẹ̀. Ó rí ènìyàn mẹ́tàdínlógún, ó rí fóònù Ìgè. Ó rí Ìyá Kẹ́mi, tó ti gbé ojú sókè, tó sì pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀ níwájú àyà bí ẹni ń dúró kí wọ́n ka orúkọ òun. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kò ju èyí tó ń sọ lọ́dọọdún nígbà tí kò bá tíì rówó ilé san: ayálégbé ni mí.

"Ìgbìmọ̀," ni Alága wí, "yóò gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò."

Àwọn káfíńtà sọ̀kalẹ̀. Wọ́n gbé àkàbà wọn, wọ́n gbé e lọ. Ìgè dá táyà àwọn ènìyàn padà. Àwọn tó ni àga oníke wá kó àga wọn. Alága wà lórí páànù, ó ń ṣàlàyé, títí tí kò fi ku ẹnikẹ́ni tó ń gbọ́ àlàyé mọ́, tí páànù sì ń gbóná lábẹ́ ìdí rẹ̀. Ní ìgbẹ̀yìn, Ìyá Kẹ́mi ló wọ́ tábìlì tí ó fi ń gé aṣọ sí abẹ́ ihò tó wà lórí yàrá rẹ̀, ó ní kí ó máa bọ̀. Ibi tí òjò ń gbà wọlé ni alága gbà sọ̀kalẹ̀. Bàtà rẹ̀ tẹ bùbá funfun kan tí obìnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gé tán.

"Tóbi," ni Ìyá Kẹ́mi wí, ó ń gbọn aṣọ náà, "lọ bá Gbénga. Sọ fún un pé ìwọ kọ́ lonílé. Jọ̀ọ́."

Ẹ mọ ohun tí ó gbọ́ nínú gbogbo rẹ̀? Pé ó pe òun ní ìwọ. Ó jáde.

Òjò ọjọ́ Ajé kò wá bi ẹnikẹ́ni léèrè bóyá ìgbìmọ̀ ti jókòó. Ìyá Kẹ́mi gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi ọ̀rá bò ó, ó sì jókòó tì í títí òjò fi dá, torí pé àga alága ló gba ibi tó gbẹ jù. Bùbá funfun náà tutù rinrin, àwọ̀ amọ̀ ògiri sì mú un lára. Aṣọ kẹta nìyẹn.

Fídíò Ìgè dé Awo lọ́jọ́rú. Lọ́jọ́bọ̀, Baba Oyèwọlé sọ̀kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ akẹ́rù, ó fi ọ̀pá rẹ̀ kan ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ẹ kú ilé o. Mo gbọ́ pé mo ti ta ilé yìí. Mo wá kí ẹni tó rà á."

Tóbilọ́ba dọ̀bálẹ̀. Ó ní àfiwé ni, sà, àwọn tó kàwé máa ń lo àfiwé. Baba ní kó dìde, kó sọ bóyá wọ́n pè é lẹ́ẹ̀mẹta, bóyá ó sì dáhùn lẹ́ẹ̀mẹta. Tóbilọ́ba bẹ̀rẹ̀ láti ayé àwọn òyìnbó amúnisìn. Kó tó dé ojú ìwé kejì, Baba ti ní kí oníkẹ̀kẹ́ kó páànù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sẹ́yìn ọkọ̀.

"Onílé yóò ra tirẹ̀," ó ní. "Ọjọ́ tí ó bá pe àwọn tó gbọ́ ọ jọ, tó ní ayálégbé ni òun, kí wọ́n wá kó páànù yìí lọ́dọ̀ mi. Mi ò ní gba kọ́bọ̀."

Ìyá Kẹ́mi ti kúnlẹ̀.

"Comfort, dìde. Ìwọ kọ́ ni mò ń bá jà."

"Mo mọ̀, sà. Ṣùgbọ́n èmi ni òjò ń bá jà."

Baba wo Tóbilọ́ba. Gbogbo ilé wo Tóbilọ́ba. Tóbilọ́ba wo bàtà ara rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ dún, ó sì lọ.

Lálẹ́ Sátidé, ìgbìmọ̀ yọ alága rẹ̀. Ìgè ló dá àbá náà, ó sì fi ohùn kan náà dá a, ọwọ́ sókè, tó ní ẹnu bí ìbọn ti yìnbọn lu ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Wọ́n fi Ìgè jẹ alága. Ìpàdé kan péré ló ṣe lórí àga onígi kí ṣọ́ọ̀ṣì tó wá gbé àga wọn, ìgbéyàwó wà.

Tóbilọ́ba wọ yàrá, ó tilẹ̀kùn. Yàrá rẹ̀ ni yàrá tó gbẹ jù ní gbogbo ọwọ́ ẹ̀yìn ilé náà. Páànù mẹ́fà tuntun, ìṣó pé. Ó mú bébà, ó bẹ̀rẹ̀ ìwé ẹ̀hónú mìíràn, ó kọ àkọlé rẹ̀ gàdàgbà pé: ÌRẸ́JẸ TÍ WỌ́N ṢE SÍ MI. Kálámù ń lọ geere. Ó ti dé ojú ìwé kẹsàn-án, orúkọ Ìyá Kẹ́mi kò sì tíì yọ níbẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn, gẹ́gẹ́ bí bébà ara rẹ̀ ṣe wí.

"Tóbi, èmi ni. Wọ́n ti di ẹ̀rọ mi mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́. Ara ni mò ń lọ. Àwọn tó gbọ́ ẹ lọ́jọ́ yẹn, mo ti bẹ̀ wọ́n, wọ́n wà níwájú ilé, àwọn méje. Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Tí o bá sọ ọ́, màá ní kí wọ́n tú ẹrù mi."

Kálámù dúró. Nínú yàrá, àga ha ilẹ̀ díẹ̀. Níwájú ilé, oníkẹ̀kẹ́ fọn fèrè.

Ó tún kan ilẹ̀kùn.

"Tóbilọ́ba. Jáde wá, kí o sọ pé ayálégbé ni ẹ́, kí wọ́n kan páànù mi."